Ogún Ẹni Tó Kọ́ Òkú ní Ìrìn

Èmi tí ìyá mi sọ ní orúkọ kan, tí ìlú sì fi Bàbá Òkú rọ́pò rẹ̀, olùdarí fíìmù, ọkọ Alátíkè, bàbá ọmọ méjì, ni mo jókòó ní iyàrá ẹ̀yìn ilé mi láti kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ara ló rẹ̀ mí, àárẹ̀ kì í sì í ṣe wèrè. Dókítà yẹ àyà mi wò, ó ní kí n máa rọra ṣe. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ nígbà tí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pẹ̀lẹ́ báni sọ̀rọ̀. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ.

Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni Lọ́yà, tó ti ń gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ láti ìgbà fíìmù mi àkọ́kọ́, àti ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á títí dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilé.

1. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú gbogbo iyàrá rẹ̀ àti òrùlé tó ń jò lápá ibi ìdáná, mo fi fún àkọ́bí mi ọkùnrin.

Mo mọ̀ pé ó ti ń wo ilé náà tipẹ́. Nígbàkigbà tó bá wá kí mi, ògiri ló kọ́kọ́ ń kí. Mi ò bínú. Ọmọ tó bá ní òun kò ro ti ogún bàbá òun, irọ́ ló ń pa. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ alààyè sí apá kan, tí wọ́n sì ń kọ òkú sí apá kejì. Tábìlì rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ìwé sábẹ́ ìwé. A óò padà sórí tábìlì náà.

2. Kámẹ́rà mi àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé, mo fi fún ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́, tí a ń pè ní Olójú-Kan nítorí pé ó máa ń di ojú kejì kódà bó bá ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: ṣé ó yẹ kí òkú máa sáré nínú fíìmù? Ó ní kí wọ́n sáré, pé èrò ìwòran fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo ní òkú tó bá ń sáré, olè ni. Ọdún mẹ́fà ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí tí àtẹ̀gùn ilé mi ti di òkè fún mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ìjà. Kó jẹ́ kí wọ́n sáré bó bá wù ú.

3. Ajá mi, mo fi fún ọmọbìnrin mi. Àárín òkú ló dàgbà sí, kì í gbó ẹni tí ojú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tó wọ kóòtù tó mọ́, tó gbé fáìlì lọ́wọ́, ló máa ń gbó. Ẹ má ṣe lù ú nítorí ìyẹn.

4. Aṣọ òkú méjìlélọ́gbọ̀n, tó wà nínú àpótí onírin lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí a dá wọn padà fún àwọn tó wọ̀ wọ́n, tàbí fún ọmọ wọn. Méjì ti gba tiwọn lọ, ó ku ọgbọ̀n. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Àna mi tó jẹ́ télọ̀, ẹ̀gbọ́n Alátíkè, ló rán gbogbo wọn. Nígbà tí a fẹ́ ṣe fíìmù kẹta, èyí tí mo pè ní Ìlà Gígùn, àwọn ọ̀dọ́ òṣèré tí mo kọ́kọ́ kó jọ ń bú ramúramù, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó sú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sin àna mi lọ sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, mo sì rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lórí ìlà. Ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń wọ́ ọ síwájú díẹ̀díẹ̀, ojú gbogbo wọn wà lára fèrèsé kan tí kò ṣí. Mo ní, àwọn òkú mi rèé. Méjìlélọ́gbọ̀n ni mo gbà, àna mi wà lára wọn, mo sì fi í ṣe olórí wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe bí òkú, ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Alátíkè fi àtíkè, eérú àti gọ́ọ̀mù kun ojú wọn láàárọ̀, ó sì fi omi gbígbóná àti sùúrù fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́.

Nínú fíìmù náà, Alága ìjọba ìbílẹ̀ rí i pé alààyè kò fẹ́ òun mọ́, ó bá lọ jí àwọn òkú ní ibojì pé kí wọ́n wá dìbò, nítorí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé. Wọ́n dìbò, ó wọlé. Ní ìṣẹ́jú méje tó kẹ́yìn, àwọn òkú tẹ̀lé e délé. Wọn kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n tò sínú pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ohun tó ṣèlérí. Nígbà tó yá, Alága fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ tò sẹ́yìn ìlà.

Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Ojú ti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò yọ òkú kúrò lára àwọn tó ń dìbò. Akọ̀wé kan níbẹ̀ wo fíìmù náà dópin, ó rí ibi tí mo kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ÀWỌN ÒKÚ, pẹ̀lú orúkọ méjìlélọ́gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ó dà wọ́n kọ sínú ìwé òkú. Báyìí ni àwọn òṣèré mi ṣe kú, tí òkú gidi sì ń dìbò lọ. A kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa. Nígbà tí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà pé orúkọ wọn kò sí, ẹ̀fẹ̀ tán.

5. Ìṣẹ́jú méje tó kẹ́yìn nínú Ìlà Gígùn, tó wà nínú agolo pẹlẹbẹ lórí tábìlì mi, mo fi fún Alátíkè, ìyàwó mi, kó tọ́jú rẹ̀ tàbí kó sun ún.

Ọ́fíìsì náà ti kọ̀wé sí mi pé kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé òṣèré ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, pé fíìmù mi kò bá ẹnikẹ́ni wí, kí n sì gé ìṣẹ́jú méje náà dànù. Bí mo bá ṣe é, gbogbo wọn á jí. Mo kọ̀. Mo ní bí mo bá gé e, ẹ̀rín lásán ló kù. Àna mi kò bẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, “Àna mi, fíìmù yẹn dára o. Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí láti máa kú.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn dáa, pé màá lò ó nínú fíìmù tó ń bọ̀.

Àna mi kú ní ọdún kẹta tí wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ òkú. Ibi ìsìnkú ìlú béèrè ìwé ẹ̀rí ikú. Ọ́fíìsì ní àwọn kò lè kọ ikú fún ẹni tó ti kú tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Alátíkè fi rìn kiri kó tó rí ibi tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kejìlá, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpò, ó ní nínú gbogbo òkú tí òun ti kùn, òun kò rí èyí tí ọkàn rẹ̀ gbẹ tó ti ọkọ òun. Ó sì lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Àná ni mo gé e. Àlùmọ́gàjí àna mi ni mo lò. Alátíkè, mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn rẹ, mo kàn fẹ́ràn ìṣẹ́jú méje yẹn jù bó ṣe yẹ lọ.

6. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú mi lẹ́yìn ikú, àfi Alátíkè, bó bá wù ú. Bó bá gbà, kó kùn mí bí alààyè. Bí kò bá gbà, ẹ bò mí mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

7. Ìwé tí ọ́fíìsì ní kí n fọwọ́ sí, mo ti fọwọ́ sí i. Nínú méjìlélọ́gbọ̀n, mọ́kànlá ló ṣì ń mí. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kò sì ṣe é pín. Bí a bá jí ẹnì kan, a jí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ́fíìsì yẹn. Ìwé lè dúbúlẹ̀ lórí tábìlì níbẹ̀ títí yóò fi hu ewú.

Nítorí náà ni mo ṣe yan ẹlẹ́rìí mi méjèèjì láàárín àwọn mọ́kànlá náà. Mo ti fún wọn ní aṣọ wọn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè wọ́n ní ajogún. Lọ́yà dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ìwé ìhágún tí òkú jẹ́rìí sí kì í ṣe ìwé. Mo ní mo mọ̀. Kò sí ẹni tó lè gba ilé, tàbí ajá pàápàá, títí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ yóò fi gbà pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Bí ọdún kan bá pé tí wọn kò gbà, ilé náà di gbọ̀ngàn ìwòran fún ẹgbẹ́ àwọn òṣèré. Ìwé ọ̀tọ̀ tí alààyè jẹ́rìí sí nìyẹn, ó ti wà lọ́wọ́ Lọ́yà.

Àkọ́bí mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kú, o ní ọwọ́ rẹ kò tó o. Ọwọ́ rẹ ti tó o báyìí, o kò nà án. Ọjọ́ tí wọ́n bá sin mí ni Lọ́yà yóò gbé ìwé náà wá sórí tábìlì rẹ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn mọ́kànlá ti wà níwájú rẹ láti ọdún mẹ́wàá. Lọ tò sẹ́yìn wọn.

Mo fọwọ́ sí i: Bàbá Òkú.
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, ọdún kẹwàá tí àwọn ẹlẹ́rìí mi ti kú.

Ẹlẹ́rìí kìíní: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òkú kejì lórí ìlà.
Ẹlẹ́rìí kejì: awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, òkú kọkàndínlógún. Ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, nítorí náà ó tẹ̀ka. Ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé àtàǹpàkò òun gbóná.