Ruwaida Saldin, Ẹni Tó Fi Fíìmù Ṣọ̀fọ̀ Ẹni Tí Òkun Gbé Lọ

Ní oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Màmá wa, Olóògbé Ruwaida Saldin, sí ìlú Mannar, létí òkun àríwá Sri Lanka. Bàbá Àgbà, Tuan Bahar Saldin, òṣìṣẹ́ rélùwéè, jẹ́ Mùsùlùmí láti inú àwọn Malay tí ọkọ̀ ojú omi kó dé láti Java láyé àtijọ́. Ìyá Àgbà, Selvamalar, jẹ́ Tamil, ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọ apẹja. Ẹbí méjèèjì ni kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn.

Ilé kéwú ni Màmá ń lọ láàárọ̀, rósárì ni wọ́n ń bá ìyá wọn kà nírọ̀lẹ́. Ní ilé-ìwé àwọn sísítà, ọmọ kíláàsì wọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ yìí, kí lo tiẹ̀ jẹ́ gan-an?" Èsì wọn ni pé, "Lọ bi ìyá mi, òun ló bí mi."

Ní ọdún 1970 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù yíyà ní Colombo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Nihal Kodikara, olùkọ́, ẹlẹ́sìn Buddha, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1975. Ìyá Àgbà figbe ta: "Ẹ̀sìn méjì nílé ò tíì tó ọ, o tún lọ fa ìkẹta wọlé!" Síbẹ̀, Ìyá Àgbà yìí kan náà ni wọ́n jó jù lọ́jọ́ náà.

Ní 1979, òkun gbé àbúrò Màmá kan ṣoṣo lọ. Samsudin ni Bàbá Àgbà ń pè é; Anton ni Ìyá Àgbà ń pè é. Ó bá àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ lọ pẹja, ìjì jà, ọkọ̀ kò padà, a kò sì rí òkú ẹnikẹ́ni. Bàbá Àgbà fẹ́ kírun òkú. Ìyá Àgbà dúró dí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ ò ní kírun òkú sí ọmọ mi lára láàyè. Anton ń bọ̀." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bu ìrẹsì àti akàn sílẹ̀ dè é. Bí tọkọtaya ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn. Màmá fúnra wọn kò rí ẹkún sun.

Ní 1981 wọ́n gbé kámẹ́rà wálé, wọ́n mú àwọn òbí wọn lọ sétí òkun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ṣé irin yìí ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?" ni Ìyá Àgbà wí.

"Òkun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ìyá mi. Irin á kàn máa gbọ́ ni."

Ìyá Àgbà ṣépè fún òkun títí ohùn wọn fi há. Bàbá Àgbà ní tiwọn sọ pé kí àwọn tó kí àsùbáà làwọn máa ń wá síbẹ̀, pé orúkọ méjèèjì làwọn fi ń pe ọmọ náà, bóyá èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni yóò dáhùn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n bú sẹ́kún.

Màmá ta aṣọ ìbùsùn mọ́ ògiri, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì fi fíìmù náà hàn wọ́n. Ìyá Àgbà kò rí ẹkún ọkọ wọn rí.

"Bàbá Ruwaida, ẹ ń pè é ní Anton, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé o fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni?"

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n lọ jókòó ti ọkọ wọn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà kírun òkú. Ìyá Àgbà tan àbẹ́là lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ náà ni Màmá tó sunkún.

Fíìmù yẹn rìn dé ibi tí Màmá kò dé. Nígbà ogun abẹ́lé Sri Lanka, àwọn ìyá tí ọmọ wọn di àwátì, Tamil, Sinhala àti Mùsùlùmí, ń wá bá wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ tàwọn náà. Ẹni tó bá bi Màmá pé ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní, "Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè tí ìyá fi ń sunkún."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2022, Màmá dágbére fáyé ní ìrọ̀rùn. Ọkọ wọn, Bàbá Nihal, àwọn ọmọ wọn, Anoma àti Ruwan, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Sahani, Dilip àti Selvi, ló gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ sùn ire, Màmá. Kí ilẹ̀ gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí ọ̀nà tutù fún yín. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní fi ara wa sílẹ̀.