Eyín Tuntun àti Màlúù Mi Majros

Ylva ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ọlọ́run tó ń yọ́ yìnyín orí adágún Siljan lọ́dọọdún á yọ́ ìṣòro kúrò lọ́nà rẹ. Bàbá rẹ kí ọ, ó ti kun ṣálángá ní ọ̀dà pupa, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí eyín òkè mi ti tán, Majros ò dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá ké pè é nínú igbó bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, eyín àtọwọ́dá á já, ohùn á di afẹ́fẹ́. Bàbá rẹ ní tí kò bá jẹ́ ìpè mi lẹ́ẹ̀rùn yìí, ká tà á. Mo sunkún.

Nígbà ìwọ́wé tó kọjá ni mo lọ bá Dókítà eyín Hedvall nílùú Falun. Fọ́ọ̀mù bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi eyín ṣe, mo kọ ọ́ pé búrẹ́dì líle àti màlúù. Ó rọra bi mí bóyá màlúù náà ni mo fẹ́ jẹ.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ mú orí mi wú. Ẹ̀rọ kan yí orí mi po, mo bá rí agbárí ara mi nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi gẹ́lẹ́, mo kí i. Dókítà ń fa ìṣó irin mẹ́fà wọ egungun náà níbẹ̀, mo di àga mú, nígbà tó ṣe tán mo dúpẹ́ pé kò dùn mí rárá. Ó ní àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Eyín ló kọ́kọ́ fi ìda mọ. Mo ní ta ló ń kan òrùlé kó tó ri òpó? Ó ní ẹni tó mọ ilé tó fẹ́ gbé ni, pé eyín ló máa sọ ibi tí ìṣó máa wọ̀. Ó fi ti ìda sí mi lẹ́nu, ó ní kí n pe màlúù. Mo pè é, gbogbo àwọn tó jókòó níta dìde, kọfí ẹnìkan dànù. Ó gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ, ó ha ìda díẹ̀, mo tún pè, títí ohùn ọmọge mi fi padà wá. Ìgbà yẹn ló tó wá àyè fún ìṣó, ó fi wọ́n sínú egungun, ó sì gbé eyín lé wọn.

Egungun ti di wọ́n mú báyìí. Lánàá mo gòkè lọ sí abà ẹ̀ẹ̀rùn wa, mo ké. Majros jáde látinú igbó, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Bàbá rẹ lọ nu ojú lẹ́yìn abà.

Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún mi, agogo ọrùn Majros ti fọ́. Má fi í sínú fóònù o, tèmi ò ní ihò tí owó lè gbà jáde, fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Olúwa á pa àlọ rẹ mọ́, á pa àbọ̀ rẹ mọ́.

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Nígbà tí màlúù dé, mo kọjú sí ọ̀nà Stockholm, mo fi eyín tuntun yìí pe orúkọ rẹ. Majros ti jẹ́ ìpè, ó ku ìwọ.

Ìyá rẹ,
Gunvor