Ẹ̀yìn Bàbá Wa

Àbúrò mi Tìrìmísíyù,

Bàbá ń kí ọ, ọkọ mi ń kí ìyàwó rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti wálẹ̀ díẹ̀.

Lánàá, mo fi fọ́tò gbajúmọ̀ òṣèré kan tó pọn ọmọ rẹ̀ han Bàbá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọkùnrin gidi nìyẹn." Mo wá ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ sí wọn létí: "Ọkùnrin tó bá pọnmọ ti di obìnrin." Mo kà á tán kí n tó rí orúkọ rẹ lórí rẹ̀; Bàbá náà sì ti rí i.

Nígbà tí Màámi wà ní ọsíbítù, Bàbá pọ̀n ẹ́ ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Mushin yìí. O dalẹ̀, Tìrì.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ. Àtàná ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Ṣé mo ń tì í lójú ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sìmíátù