Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ Níwájú Mọ́gàjí

Agboolé Aláró,
Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2024.

Ìyá Safwan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Asalámù àlékùm. Ará Olódò ńkọ́? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà. Èmi àti Kaothar wà láàyè, a dúpẹ́.

O mọ̀ pé lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́ bàbá Kaothar ni Sàníù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, gba oko ẹ̀gẹ́ tí olóògbé fi sílẹ̀, tó ní ọmọbìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ẹjọ́ náà ti dé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ báyìí. Agbẹjọ́rò kan láti Ìbàdàn, Olúwaṣìkẹ́mi, ló ń bá wa rò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọdé ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti wọ agboolé, kò sẹ́ni tó ń bá mi bẹ ẹ̀gẹ́ mọ́. Ṣé o rántí bí gbogbo àwa ìyàwó ilé ṣe máa ń yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, tí a ó máa fi ọkọ ara wa ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi nìkan ló ń dá bẹ tèmi báyìí, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá kí wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀gẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sàníù dìde ní kọ́ọ̀tù, ó ní mo ti kúnlẹ̀ bẹ ẹbí níwájú Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, pé ẹni tí kò jẹ̀bi kì í bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó ilé wo ló máa nàró bá àgbà ilé rojọ́? Nígbà tí a jáde, Olúwaṣìkẹ́mi ní, “Ìwé kọ́ọ̀tù ò mọ ọ̀wọ̀, mà. Ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀.”

Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ìwọ lo fọwọ́ tọ́ mi léjìká, tó o ní, “Kúnlẹ̀ jàre, bẹ̀ wọ́n ná, ká tó rojọ́.” Mo gbọ́ tìrẹ. Mo mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni ọkọ rẹ àti Sàníù, ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ kò kéré. Jọ̀wọ́, wá sọ ohun tójú rẹ rí fún adájọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Bí oko yẹn bá lọ, Kaothar ò ní rí ohun kan jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run á dá Safwan sí fún ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o wá ẹni tí yóò gbè ọ́ tì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà,
Lìádì, Ìyá Kaothar.

Àfikún: Wọ́n ní Sàníù ti wá kí yín l'Ólódò. Mi ò bi ọ́ ní ohun tó bá wá. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwọn lo máa jókòó sí lọ́jọ́ náà, tètè ránṣẹ́ sí mi, kí n má baà máa wo ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù.