Mo Ti Sọ Ọ̀rọ̀ Kùmásí fún Rábíátù

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni títí tí n ó fi kú, títí kan aya tí n ó fẹ́, mo sì fi Àlùkùránì búra fún yín nínú lọ́rì tó ń gbé wa bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi pa á mọ́. Oṣù méjì rèé tí mo la ẹnu mi tí mo sọ fún Rábíátù pé n kò dé Kùmásí rí, pé ẹ̀wọ̀n ni mo wà. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ sí yín tipẹ́, ojú ló ń tì mí. Mo wá ní kí n yáa kọ ọ́, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Agége dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kúkú mọ ẹnu àwọn ará Agége.

Kì í ṣe àìgbọ́n ló mú mi sọ ọ́ o. Ilé ìwòsàn kan ní ìlú òyìnbó ló kọ̀wé sí Rábíátù pé kó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́ta. Rábíátù tí ẹ mọ̀ náà ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, tó máa ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún yín láràárọ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, mo fò sókè bí ọmọdé. Àwọn ẹbí ní kí n má jẹ́ kó lọ, pé Ọlọ́run kò tíì fún wa lọ́mọ, ta ní í jẹ́ kí ìyàwó tí kò tíì bímọ wọ ọkọ̀ ojú omi? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ràn. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ gba ọmọ àwọn ẹlòmíràn tó báyìí, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kó gba ìwé ẹ̀rí?

Àmọ́ kí wọ́n tó lè fún un ní páásípọ́ọ̀tù, ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún un. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ní Ìkẹjà. Mo ń kọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orúkọ, iṣẹ́, àdúgbò, àfi ìgbà tí mo dé ìlà keje. Ǹjẹ́ ilé-ẹjọ́ kankan ti dá ọ lẹ́bi rí?

Mo kọ́kọ́ kọ Rárá. Kí n má purọ́ fún yín, ó yá mi lọ́wọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni akọ̀wé ti kìlọ̀ fún gbogbo àwa tí a tò síbẹ̀ pé ìjọba ní àmì ìka gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí lọ́wọ́, pé bí onídùúró bá purọ́, ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò náà kò ní rí ìwé gbà mọ́ láéláé. Ó tún ní òun yóò ka gbogbo èsì sétí tọkọtaya kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo ká fọ́ọ̀mù náà bọ àpò, mo bọ́ síta, oòrùn sì ń pa mí, n kò mọ̀. Bí mo bá purọ́, mo ba ayé Rábíátù jẹ́. Bí mo bá sọ òótọ́, ó lè jẹ́ pé mo pàdánù Rábíátù nìyẹn. Bí ẹ bá wà láyé ni, ọ̀dọ̀ yín ni ǹ bá gbà lọ tààrà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.

Èmi àti ẹ̀yin kò jókòó sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń di obì Alájì ọ̀gá wa sínú agbọ̀n, èmi ni mo máa ń bá ẹrù náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè Ọya. Kò sẹ́ni tó ń di agbọ̀n bíi tiyín: ewé tútù nísàlẹ̀, obì láàárín, ewé lókè, kí ẹ wá ta okùn ní kókó mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìdí okùn há abẹ́ kókó àárín. Mo ta agbọ̀n méjì n'Íbàdàn, mo ní wọ́n sọnù lọ́nà. Nítorí aago ọwọ́ ni. Aago ọwọ́ lásán, tí kò tilẹ̀ rìn dáadáa! Nígbà tí ọwọ́ tẹ ẹni tó ra obì, ó nàka sí mi. N'Íbàdàn ni wọ́n ti ṣe ẹjọ́ náà, Alájì sì wà ní Kánò, ará Agége kankan kò gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá wo agbọ̀n níwájú adájọ́, kí ẹ sọ bóyá ẹ̀yin lẹ so okùn yẹn. Ẹ ṣí fìlà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ sì dé e padà. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni. Ẹ kò wo ọ̀dọ̀ mi. Oṣù mẹ́sàn-án ni adájọ́ sọ mí sí.

Ṣé ẹ rò ó wò láti ní ẹ kò mọ okùn náà? Okùn ṣáà ni. Ta ni ìbá dá yín lẹ́bi? Mo bínú sí yín gan-an lẹ́wọ̀n, ẹ jẹ́ kí n wí i. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí mo bá kírun tán, mo máa ń fo orúkọ yín nínú àdúà mi. Ó dùn mí pé n kò sọ èyí fún yín kí ẹ tó lọ.

Ọjọ́ tí mo jáde, ẹ̀yin ni mo bá lẹ́nu géètì, ẹ gbé àpótí onírin kan lọ́wọ́. Sálúbàtà ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ti Kùmásí bọ̀ máa ń wọ̀, àti aṣọ aláràbarà wọn, àti súìtì fún àwọn ọmọ ilé. Àṣé láti ọjọ́ kìíní ni ẹ ti sọ fún gbogbo agboolé pé mo ti lọ ṣòwò ní Kùmásí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ sí Kùmásí, ta ni yóò bèèrè ìdí? Lórí lọ́rì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi: bí ọjà wọn ṣe tóbi tó, bí òjò wọn ṣe ń rọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, àti obìnrin olóńjẹ kan tó ń jẹ́ Áfúà, tó máa ń fi ẹja pamọ́ dè yín. Kùmásí tiyín ni, tí ẹ gbé nígbà èwe. Ẹ bọ́ ọ fún mi bí ẹni bọ́ agbádá, ẹ sì ní kí n wọ̀ ọ́ wọlé.

Ẹni tí kò lè pa irọ́ kan ṣoṣo fún adájọ́ ló wá purọ́ fún odidi Agége. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé nítorí mi ni, àbí nítorí orúkọ yín? Ṣé ẹ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ni?

Gbogbo ọmọdé agboolé ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Kùmásí. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, èmi ló ń wá bi léèrè ọ̀nà. Kùmásí yìí náà ló fà mí mọ́ Rábíátù, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin tó ti rìn jìnnà. Mo sọ ti ọjà wọn fún un, mo sọ ti òjò wọn, mo sì sọ ti Áfúà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo sọ fún un. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun lọ́wọ́, mo ní kó jọ̀ọ́ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán kí iná tó kú nínú áyọ́ọ̀nù náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún wa níbẹ̀. Mo ní gààrí, àti ẹ̀wà tí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Ó mirí. Ó wá wò mí lójú kòró.

"Áfúà ńkọ́?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí. Háà, Bàbá, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Rábíátù bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣé owú Áfúà ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ẹ rántí kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ kíkan àwọn ará Kùmásí, tó máa ń sè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀? Ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin ará ìlú Àkárà kan ni, kó lè mọ̀ ọ́n sè ju Áfúà lọ. Èmi tí n kò fẹ́ ohun kíkan lẹ́nu, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jẹ ẹ́, mo ń yìn ín pé ó jọ ti Kùmásí gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́, tí ẹ bá sì jẹ ẹ́ tán, ẹ máa ń wo ìta. Bàbá, ta ni Áfúà? Kí ló dé tí ẹ kò padà lọ?

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ẹkún dé. Mo ní kó dárí jì mí, pé mo mọ̀ pé ìtìjú ni ẹ̀wọ̀n.

"Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń dùn mí," ó ní. "Ta ni mo wá ń sè fún láti ọdún mẹ́ta?"

Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó tán. Ilé yín tóbi o, Bàbá, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ tí mo wà ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń ṣe abọ́ tánganran, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ fún ariwo náà. Ẹ kò ní mọ Ìkẹjà mọ́. Inú igbó tí ẹ ti máa ń já ewé tí ẹ fi ń di obì, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Kùmásí náà ti yí padà, wọ́n ti gba òmìnira, Gánà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn báyìí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Rábíátù so gèlè, ó ní ká lọ. Akọ̀wé ka èsì mi sókè ketekete ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ìlà keje, ó dúró, ó bi mí ohun tí mo ṣe. Ǹ bá pè é ní ìwà èwe. Mo ní olè ni mo jà. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Rábíátù kò wolẹ̀. Wọ́n ní wọn kò ní torí rẹ̀ du ìyàwó mi ní ìwé, níwọ̀n ìgbà tí mo ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe onídùúró. Kó wá ọkùnrin mìíràn nínú ẹbí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù, káfíńtà tó wà ní Onígbòǹgbò, tó máa ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ nítorí Kùmásí. Mo ti ń ro ọ̀nà tí n ó gbé e gbà. Rábíátù kò jẹ́ kí n jókòó tó fi sọ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ mi ṣẹ̀wọ̀n rí. Olè ló jà. Wọn ò gbà á ní onídùúró, ẹ̀yin ni mo wá bá."

Láyé mi, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí mo wà. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ó sin àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Kò sìn mí. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, agboolé wa ti gbọ́. Bí ọmọdé bá fẹ́ pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Kùmásí báyìí, ìyá rẹ̀ á fà á létí. Kò sẹ́ni tó wá ń bi mí léèrè ọ̀nà mọ́. Kò burú, n kò kúkú mọ ọ̀nà náà.

Àná ló lọ. Mo bá a gbé ẹrù dé Àpápá. Ó wọ kóòtù dúdú kan tó tóbi jù fún un, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ń lọ gbẹ̀bí níbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Mo ti ń retí pé kó ní òun ti dárí jì mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwa tí a wá sìnyàn dúró sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bí mo bá dé, ẹ̀yin gan-an ni kí n bá nílé o. Ẹ má tún fi ẹlòmíràn dúró dè mí."

Ó gòkè lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi kéré lójú mi.

Bàbá, mo ń gbìyànjú láti jẹ́ ẹni tó ní òun fẹ́ bá nílé yẹn. Mo jí láàárọ̀ yìí, n kò mọ oúnjẹ tí ẹni náà fẹ́ràn. N kò mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ìtàn tí yóò sọ. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n láyé. Ọ̀kan wà lórí òkun, ọ̀kan wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, nítorí n kò tíì mọ àdírẹ́sì tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò bínú sí yín mọ́.