Ìkéde Tí Nọ́ọ̀sì Ò Gbọ́

Ìkirè, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Inú ṣì ń bí mi sí Wálé, tá a jọ kọ áàpù orí fóònù fún ilé ìgbẹ̀bí ní Àpòmù. Bí aláboyún bá tẹ bọ́tìnnì, apá kan áàpù á kéde orúkọ àmì kan nínú ẹ̀rọ. Apá kejì tó ń retí orúkọ yẹn ló ń pe nọ́ọ̀sì. Wálé pààrọ̀ orúkọ náà níbi ìkéde, ó fi ti ibi ìretí sílẹ̀ bó ṣe wà, ni ìpè ò bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tó ń rọbí ní Ararọ̀mí-Òwu tẹ bọ́tìnnì náà títí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló bímọ sí. Ọpẹ́ ni pé ọmọ yè.

Wálé ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ò sọ pé àṣìṣe wà." Ìwà kò-kàn-mí ẹ̀ ti sú mi. Ó kọ̀, kò bá mi lọ bẹ ìyá ọmọ.

Mo dá lọ. Kí n tó lanu, obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, bóyá èmi ni mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa."