Ìyá Mi Wà Láàyè, Àwòrán Ọṣẹ Ni Ẹ Rí

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ níbí ní Kotobabi, ní Accra, orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má wò ó pé ẹ ò rí mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ. Ìwọ Mùsílíù àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, mo kí ìwọ náà. Jọ̀ọ́, rọra kà á, má fo ibì kankan.

Ìyá mi, ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Gánà, kí gbogbo ayé lè kà á. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé wọ́n ní ẹ ti kú. Orí yín ò ní gbà fún wọn! Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ kú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ní ojú títì wa níbí. Ìròyìn náà ti dé Kumasi, mo gbọ́ pé ó ti dé Tamale pàápàá, àwọn ará wa tó ń ta aṣọ níbẹ̀ sì ti ń ṣàdúà fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kígbe rẹ̀ ní gbangba: ìyá mi wà láàyè, àgbàdo sísun ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo pè wọ́n kẹ́yìn. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi àti pírìntà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí ẹ kọ́ mi ló ń bọ́ mi níbí. Àwọn ará Gánà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Alata samina ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwa Alata, torí orúkọ tí wọ́n fún àwa Yorùbá nìyẹn. Gbogbo wa ni wọ́n fi orúkọ wa sórí ọṣẹ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó kọ́ èmi. Ó máa ń dùn mí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń sè é, mò ń rò ó bí ẹ ṣe ń rò ó, mo sì ń kó o sínú rọ́bà kékeré olómorí. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Jamestown ni oníbàárà mi tó pọ̀ jù, torí kò sí ohun mìíràn tó ń bọ́ òórùn èéfín kúrò lára wọn.

Lóṣù tó kọjá, màdáámù kan tó ń ta ìpara ní Osu fi ọṣẹ mi wẹ̀. Ó ní òun á máa gbà á lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù òun kì í ra ohun tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ó ní lébẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ ní àwòrán, kó ní àwọ̀ tó gún régé, kí omi má sì lè bà á jẹ́, torí balùwẹ̀ ni ọṣẹ ń gbé. Mo lọ tẹ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Alajo, tó ní pírìntà tó ń lo íǹkì olómi. Ìyá mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí omi kàn án, òdòdó àti ewé tó wà níbẹ̀ ṣàn pọ̀, ó wá dà bí aṣọ tí aró rẹ̀ ò dúró. Mo ju gbogbo rẹ̀ nù.

Bí mo ṣe dé Circle nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kofi, pírìntà ló ń tà. Ó fi lésà kan hàn mí, èyí tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù nínú àwọn tó ń tẹ àwọ̀. Ó ní èyí kì í lo íǹkì olómi, pé ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní tónà ló ń lò, àti pé iná ló fi ń yan ìyẹ̀fun náà mọ́ ìwé, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í ràn án. Ọyẹ́ kì í sì í gbẹ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n gbé e rù délé lọ́jọ́ náà! Àmọ́ ọmọ yín ni mí, mi ò kì í ra ewúrẹ́ láì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́. Ó ní tónà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, dúdú, pupa, búlúù àti yẹ́lò, pé èyí tó máa ń bá a wá nínú páálí kì í kún, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti pírìntà gan-an. Ó tún ní ó ń jẹ iná. Mo rántí mítà kan ṣoṣo tí àwa àti Naa Dedei aládùúgbò wa jọ ń lò. Mo rántí dumsor náà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn ará ibí ti sọ lórúkọ bí ọmọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìṣòro. Owó tó wà nínú àpótí mi, owó ọkọ̀ Iléyá ni. Mo ti ṣèlérí fún yín pé lọ́dún yìí, dandan ni, èmi àti Fàtí ń bọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti wá wẹ Fàtí fún mi tí ẹ padà sílé, ọdún méje, ẹ ò tíì fojú kàn mí. Lọ́dún kan, bàbá Fàtí ò ríṣẹ́. Lọ́dún kan, wọ́n ti bọ́dà. Lọ́dún tó kọjá, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó fà á mọ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ṣebí ìyá mi ò lọ síbì kankan. Mo wá ń rò ó pé tí mo bá ra ẹ̀rọ yìí, màdáámù Osu á máa gbà lọ́wọ́ mi, tó bá di Iléyá tó tún ń bọ̀, n ó wá pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ. Mo ti ń kọ́ àwíjàre tí n ó ṣe fún yín lórí fóònù, bí ọmọ iléèwé tó ń kọ́ irọ́ tó máa pa fún tíṣà.

Kofi ní kí n mú àwòrán wá kí òun fi dán ẹ̀rọ náà wò lójú mi. Àwòrán ta ni mo ní ju tiyín lọ? Mo fún un ní èyí tí ẹ yà nígbà tí ẹ wà níbí, tí ẹ wọ léèsì funfun, tí ẹ fi ìborùn funfun borí, tí ẹ̀rín pọ̀ lójú yín. Mo ní kó kọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ sábẹ́ rẹ̀, kó kọ ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ sísè, kó sì fa ìlà kékeré kan tẹ̀ lé e, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ ò tíì dáwọ́ dúró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kún odindi ìwé kan. Ìyá mi! Ẹ jáde gbígbóná láti inú ẹ̀rọ yẹn bí búrẹ́dì. Mo fọwọ́ kàn yín lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi bọ́ lójú mi níwájú Kofi, kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó sáré lọ ra omi inú ọ̀rá fún mi.

Síbẹ̀, ẹnu oníṣòwò dùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ò ní ràn án lóòótọ́. Ni mo bá lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ìta wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí oòrùn pa á, kí òjò lù ú. Mo gbé ọṣẹ mi, mo wọ tirotiro, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbí, ó di Jamestown.

Ẹ wá wo ohun tí mi ò rò. Ní Accra, wọn kì í ṣàdédé lẹ àwòrán àgbàlagbà mọ́ ògiri. Bí ènìyàn bá kú níbí, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ ní aláràbarà, wọ́n á kọ orúkọ àti ọdún tí wọ́n bí i sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ síta kí àdúgbò lè mọ̀. Èyí tó bá darúgbó dáadáa, funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ fún un nínú àwòrán. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà níbí, ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára irú rẹ̀. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá, torí lójú tèmi, ìyá mi kì í ṣe irú ẹni tó ń kú.

Nígbà tí n ó fi padà dé nírọ̀lẹ́, àga rọ́bà ti kún iwájú ilé wa. Àwọn obìnrin ti ró dúdú, wọ́n ti wé pupa, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ níbí. Àáfà wa ti dé, ó ti ń fa tẹ̀sùbáà. Fàtí wà láàárín wọn, ó ń sunkún torí gbogbo ènìyàn ń sunkún. Èéfín ẹja Jamestown sì ti sọ ojú èmi náà di pupa bí ata. Bí wọ́n ṣe rí ojú yẹn báyìí, igbe sọ! Naa Dedei ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi. Ẹ rántí rẹ̀, òun ni ẹ máa ń fọwọ́ bá sọ̀rọ̀ torí ẹ ò gbọ́ Ga, òun náà ò gbọ́ Yorùbá. Ó ń ké pé ẹni tó fi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, tí wọ́n sì ń nà án lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, han òun ti lọ. Mo rò pé ẹnì kan ló pè láti ilé, pé ohun tí wọn ò lè sọ fún mi lórí fóònù ti ṣẹlẹ̀. Ìyá mi, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kú mọ́ mi lójú lóòótọ́.

Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, mi ò rántí màdáámù Osu, mi ò rántí tónà. Ohun tí mò ń pariwo ni pé kí wọ́n bá mi wá ọkọ̀, pé n ó lọ báyìí báyìí, pé owó wà, pé ó wà nínú àpótí, kí wọ́n lọ gbé e wá. Ìgbà tí mo bi Àáfà léèrè pé ta ló pè, ó ní kò sẹ́ni tó pè. Ó nawọ́ sí ògiri. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe, ẹkún ni o, ẹ̀rín ni o. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Naa Dedei gbá mi léjìká kíkankíkan, ó ní mo ti fi ẹkún òun ṣòfò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín títí gèlè pupa rẹ̀ fi tú. Gbogbo wọn kó àga wọn lọ, àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Àmọ́ òun dúró. Ó wo àwòrán náà, ó bi mí bóyá bí ẹ ṣe rí nìyẹn báyìí. Ṣé irun yín ti funfun tán? Ṣé ẹ ṣì ń dá gbé ìkòkò ọṣẹ kaná? Mo mọ ohùn yín, ìyá mi, mi ò mọ ojú yín ti ìsinsìnyí. Ó wá bi mí bóyá owó tí mò ń pariwo pé ó wà nínú àpótí ni owó tí mo sọ fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò ní lè gbé mi dé ilé. Ó ní òun ti rí i tipẹ́, pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn fi ń rí owó ọkọ̀ òkú, àmọ́ owó ọkọ̀ ẹni tó wà láàyè lè gba ọdún méje.

Ojú tì mí, ìyá mi. Ojú tì mí gan-an. Mo pè yín kíá. Ẹ ní àgbàdo ni ẹ ń jẹ, ẹ bi mí bóyá èmi náà ti jẹun, ẹ ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ kí owó mi má jó dànù. Mi ò lè sọ ohunkóhun fún yín, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀rọ náà dára. Òjò ọjọ́ Sátidé lù yín láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, ilà ojú yín kan ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rà á. Kofi ò ní ṣe aláìní òmíràn. Mo ti bẹ màdáámù Osu pé kó fún mi di ẹ̀yìn Iléyá, ó ní òun á rò ó. Bó bá kọ̀, àwọn ẹlẹ́ja Jamestown ò béèrè àwòrán lọ́wọ́ mi rí. Èmi àti Fàtí ń bọ̀. Mo ti san owó ọkọ̀, kò ṣeé gbà padà. Bóyá ẹ gbà kí ojú yín wà lára rọ́bà ọṣẹ tí ènìyàn lè jù sí gọ́tà, ẹ ó sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Mùsílíù, má jẹ́ kí wọ́n wọ léèsì dè mí o. Nídìí ìkòkò ni mo ti fẹ́ bá wọn, kí n ya àwòrán òmíràn.

Àwòrán àkọ́kọ́ yẹn ti wà nínú yàrá wa báyìí. Fàtí gbọ́ Yorùbá, Twi ló fi ń dáhùn, àmọ́ ó ti mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí ìwé yẹn. Mo ti ní kó dáwọ́ dúró, kó tọ́jú ìkúnlẹ̀ náà di ìgbà tó bá dé iwájú yín.

Ikú tí wọ́n fẹnu pè yìí, ẹ̀mí gígùn ni yóò dà fún yín. Ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀nà ó nà wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe, ẹ sọ fún wọn pé Naa Dedei náà kí wọn. Ẹ má tíì se ọṣẹ oṣù yìí, ẹ dúró dè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rábíátù